Aago tí Mo Dá Dúró

Bàbá Àṣìṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí lẹ́yìn, wọ́n sì rò pé n kò mọ̀. N kò bínú sí i. Inú mi tiẹ̀ máa ń dùn nígbà kan tí mo bá gbọ́ ọ ní kọ́rídọ̀, tí ẹnì kan bá ń sọ fún ẹnì kejì pé, "Má gbé e lọ báyẹn o, Bàbá Àṣìṣe wà nínú ọ́físì." Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ̀rù bírò pupa mi. Mo máa ń pariwo. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà tí kò kọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n, màá bi í pé ṣé iṣu ni àbí kìlómítà. Ẹni tó bá ní òun gbàgbé, màá ní kó lọ gbàgbé ọ̀nà ilé wọn náà ká wò ó. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó sì mọ ìdí tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ń tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn, Bódìjà ni mo sì ń gbé. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò kò ṣe é gbé sórí tábìlì kí ènìyàn fọwọ́ kàn án, nítorí a kò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe é. Màá gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn Onítẹ̀bọmi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bíi tèmi, tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn pé kí ni mò ń ṣe gan-an.

Ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ, ẹyọ rẹ̀ sì kéré débi pé ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀. A lè dá ẹyọ méjì pọ̀ lọ́nà kan tí ọ̀rọ̀ wọn á fi di ọ̀kan. Bí a bá gbé ọ̀kan lọ sí Mọ́níyà ní apá àríwá Ìbàdàn, tí a sì gbé èkejì lọ sí Challenge ní apá gúúsù, ohun tí a bá bá lára ti Mọ́níyà nígbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò á bá ohun tí wọ́n bá lára ti Challenge mu, ju bí ohunkóhun mìíràn láyé ṣe lè bára mu lọ. Ìso ni mo máa ń pè é. Ẹni méjì tí ìso bá wà láàárín wọn lè fi bára wọn sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹnikẹ́ni kò lè jí gbọ́ kí wọ́n má mọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú wáyà kó tó sọnù. Nítorí náà, a ní láti fi ibùdó sáàárín ọ̀nà. Mọ́níyà á so mọ́ Bódìjà, Bódìjà á so mọ́ Challenge, Bódìjà á wá ṣe iṣẹ́ kan láàárín tí Mọ́níyà àti Challenge á fi so mọ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pàdé rí.

Àmọ́ kò tíì parí síbẹ̀. Bódìjà gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé, "Ó ti yọrí, ohun tí mo rí nìyí." Wáyà gbogbo ayé ni iṣẹ́ yẹn ń gbà, kò sì lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Kó tó dé, ìso tó wà ní ìpamọ́ níbi méjèèjì ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá pẹ́ kọjá gbèdéke, òfìfo ni wọ́n dì mú. Gbogbo rẹ̀ kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ nǹkan lè bàjẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi obìnrin kan ló fi ọ̀rọ̀ gbèdéke yìí ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa bójú tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tí ìdílé wọn ti wà nílùú yìí tipẹ́tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ta pákó, màmá rẹ̀ ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ti kó kúrò ní agbo ilé wá sí ilé tuntun ní Challenge. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń wá ni pé, nínú ìlú bíi tiwa, ibùdó mélòó la lè fi sójú ọ̀nà, báwo ni wọ́n sì ṣe lè jìnnà síra tó kí iṣẹ́ má pẹ́ jù? Ìgbà wo ló yẹ kí ibùdó da ìso tó ti ń ṣá nù, kó bẹ̀rẹ̀ tuntun, dípò kó máa dúró?

Ìbàdàn ló lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lókè òkun a máa fa ìlà lásán sórí ìwé, wọ́n á ní ìlú nìyẹn. Òun mú Mọ́níyà, Agbowó, Bódìjà, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, ó ní ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ri wáyà mọ́ ni wáyà tiwa náà máa gbà. Ó wọ takisí máíkírà káàkiri, ó ń fi fóònù wọn ọ̀nà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ri òpó kékeré tó ń fi ojú wáyà hàn. Awakọ̀ kan bi í pé ṣé ìjọba tún fẹ́ wó ilé ni. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ lòun fẹ́ gbé kọjá. Awakọ̀ náà ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ bá wa sọ fún wọn ní Mọ́níyà, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tá a ríná kẹ́yìn." Ọjọ́ tó sọ ìtàn yẹn fún mi nìkan ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn tán.

Nígbà tó kó nọ́ńbà rẹ̀ wá, mo rí i pé ó ti sọ ọ̀nà Dùgbẹ̀ sí Ring Road di odidi kìlómítà, ó gé ìyókù sọnù. Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Ta ló ní kó o gé e? Ṣé ìmọ́lẹ̀ náà máa bá ẹ gé ọ̀nà ni? Ṣé iṣẹ́ ọmọ páráímárì lò ń ṣe fún mi níbí?" Ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti apá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dùgbẹ̀ títí dé Ring Road, ó sì mú nọ́ńbà tó pé wá fún mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún eruku. Mo gbà á, mo ní, "Ìyẹn dáa."

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe ìṣirò, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ láti ìgbà tí mò ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé tèmi, òun ni mo sì fi kọ orí tó kẹ́yìn ìwé mi. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ tìyanga-tìyanga. Mo ní kó má fọwọ́ kan inú rẹ̀, kó ṣáà máa kó nọ́ńbà rẹ̀ sí i, nítorí mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Irọ́ kọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ohun tí n kò rántí ni pé nígbà tí mò ń kọ ètò náà, iná kì í sábà sí ní ẹ̀ka wa. Bátìrì ínfátà ni gbogbo wa gbójú lé, tó bá sì ti di agogo méjì ọ̀sán, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ètò náà lọ́ra, torí ó ní láti ka gbogbo bíńtín àkókò tí ìso fi ń ṣá ní ìpamọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wà lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, mo kàn fẹ́ dán an wò bóyá apá yòókù ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìlà kan sí i tó ní kí aago ìpamọ́ dúró jẹ́ẹ́ títí iṣẹ́ á fi dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìso kò ní ṣá rárá, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Mo fẹ́ kó parí kí ínfátà tó kú ni. Tí iná bá dé, màá yọ ọ́. Gbogbo àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbí la máa ń dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Iná sì dé lóòótọ́ lọ́sàn-án yẹn. Gbogbo ẹ̀ka hó yèè, mo sáré lọ tẹ ìbéèrè ìdánwò tó ti ń dúró láti àárọ̀, n kò sì padà sí ìlà yẹn mọ́.

Èsì tí ètò náà ń mú jáde dára jù. Ó yẹ kí ìyẹn ti já mi láyà, èmi tí mo mọ àṣìṣe ọmọ ẹlòmíràn rí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn aṣàyẹ̀wò nígbà tí mo ṣí ètò náà láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọ́físì mi gbóná, mò ń jẹ ẹ̀pà. Mo rí ìlà náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ti ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yọ ìlà náà kúrò, mo sì jẹ́ kí ètò náà tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Agbowó sí Bódìjà ṣì dúró. Mọ́níyà sí Challenge, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́, wó lulẹ̀. Kí iṣẹ́ tó dé, ìso ti kú. Mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ẹnì kan lè ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà láti kọ́rídọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un. Yàrá ìwádìí kan lókè òkun, tí wọ́n ti ní irinṣẹ́ gidi tí wọ́n fi ń so ìmọ́lẹ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀, ti fún un ní ipò. Òun á wá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí èmi olùkọ́ rẹ̀ kò rí rí àfi nínú ìṣirò. Nǹkan kan péré ni wọ́n ní kó ṣe: kó ti yege kí oṣù yẹn tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ó ti sọ fún mi pé tí òun bá débẹ̀, òun á máa ya fọ́tò irinṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi títí á fi sú mi.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún èmi kò tó ìyẹn. Wọ́n fẹ́ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà. Tí mo bá ní ètò náà ní àléébù, wọ́n á bi mí pé orí tó kẹ́yìn ìwé tèmi náà ńkọ́. Mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní aṣàyẹ̀wò kì í ka inú ètò. Mo ní bí mo bá sọ fún ọmọ náà báyìí, ìpayà á mú un, á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kó yege ná, a ó jọ tún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn náà. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, mo ní. Ara mi ni mò ń ṣàánú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi yín nípa aago inú kóòdù yẹn. Ṣé ẹ wà ní ọ́físì?" Mo wà ní ọ́físì. Mo kọ ọ́ padà sí i pé mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹbí kan ló pè mí. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Wíńdò mi kọjú sí kọ́rídọ̀ yẹn, kọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pa pọ̀ dáadáa. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wọ abẹ́ tábìlì. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo jẹ́ ọ̀mọ̀wé, mo jẹ́ díákónì, mo ká eékún mọ́ra lábẹ́ tábìlì láàárín páálí ìwé ìdánwò, mò ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́tò mi sì wà nísàlẹ̀, níbi tí mo máa ń gbé e sí lójoojúmọ́. Kò sí bó ṣe lè gun òkè wá kó má rí i. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún ilẹ̀kùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ó sì lọ.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń gbóná. Ó pẹ́ kí n tó jáde lábẹ́ tábìlì yẹn.

Ọjọ́ tó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, yàrá kún. Aṣàyẹ̀wò láti ìta jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan láti yunifásítì mìíràn, tó máa ń yọ awò ojú rẹ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Alága jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi wà ní ìlà kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wọ híjáàbù funfun, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tó fi máàpù Ìbàdàn rẹ̀ hàn, àwọn ènìyàn mi orí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá a máa bọ́.

Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká padà sí àwòrán yẹn. Mọ́níyà sí Challenge. Ọ̀nà yẹn jìn, iṣẹ́ sì ní láti rìn ín kó tó dé. Kí ló dé tí ìso rẹ ò ṣá? Ṣé inú fíríìjì lẹ gbé e sí ni?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwòrán náà, lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wò mí. Kò wò mí tìbínú-tìbínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de èsì. Mo tẹ orí ba, mo ṣí ìwé mi, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kọ nǹkan. Nígbà tí mo wo ojú ìwé yẹn lẹ́yìn náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ìlà wérewère ni mo ń fà.

Ó ní, "Aago ìpamọ́ dúró nínú kóòdù náà, mà. Kò ka àsìkò tí iṣẹ́ fi wà lọ́nà. Àṣìṣe mi ni, mà."

"Ìwọ lo kọ kóòdù náà?"

"Èmi ni mo lò ó, mà."

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣe ní ẹ̀ka wa lè má lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í nàka sí olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àlejò. Òbí la kà á sí. Bó ti wù kó jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á gba ẹ̀bi náà sórí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la tún mọ apá kejì rẹ̀: bí ọmọ bá ti gbà á báyẹn, olùkọ́ á dìde, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀." Mo ti rí àwọn àgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó jẹ̀bi gan-an. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fún mi láyè mi. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Alábòójútó, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí i?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n ní kó jáde, wọ́n jíròrò, wọ́n pè é padà. Wọ́n ní orí kẹrin ìwé náà kò dúró, kó lọ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ń kó wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ jọ, ó ń ká a ní róbótó-róbótó, bí ẹni pé kò sí ohun tó kù láyé yìí ju kí wáyà yẹn ká dáadáa lọ.

Oúnjẹ wà ní kọ́rídọ̀. Ẹni tó bá gbèjà iṣẹ́ ló máa ń fi oúnjẹ ṣe àlejò, ilé rẹ̀ á ti sè é sílẹ̀ kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Màmá rẹ̀, Àlhájà, ló jókòó ti kúlà. Bó ṣe rí i tí a ń jáde ló dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ nǹkan sí i létí. Ọwọ́ Àlhájà dúró lórí ọmọrí kúlà náà, kò pẹ́, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìrẹsì fún gbogbo ènìyàn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tèmi wá, ẹran adìẹ méjì ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú làálàá ọmọ wa, dọ́kítà. Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Àlhájà, ẹ ṣé." Ebi ń pa mí. Mo jẹ ìrẹsì náà, mo jẹ ẹran méjèèjì, mo sì gba omi mu lé e.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà fi tún orí kẹrin kọ, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti rí ìgbà tó yẹ kí ibùdó Bódìjà da ìso tó ń ṣá nù, tí Mọ́níyà àti Challenge á fi lè so mọ́ ara wọn ní tòótọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, oṣù mẹ́fà ló sì ní láti lò. Ó ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ń fi bírò pupa sàmì síbi tí kòmá ti yẹ. Lọ́jọ́ kan, ó fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Àwọn ará yàrá ìwádìí òkè òkun yẹn ló kọ ọ́. Wọ́n ní ó dùn wọ́n, àwọn ti fún ẹlòmíràn ní ipò náà.

Ring Road ni mo wà nígbà tí mo kà á, mo ń dúró kí vọ́kanáísà lẹ táyà mi. Ibẹ̀ náà ni mo ti pe ìyá aṣàyẹ̀wò lórí fóònù, kí n tó rí ìdí mìíràn tí n kò fi ní pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìlà náà, ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tí mo rí i. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò dìde lọ́jọ́ náà? Tí mo bá mọ̀ pé kóòdù olùkọ́ ni, tí ó sì ní kó má fọwọ́ kàn án, ọ̀sẹ̀ méjì ni ǹ bá fún un. Ọmọ yẹn ìbá ti lọ." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i.

Mo kọ ọ́. Mo kọ nípa ìwé tèmi náà. Wọ́n dá ìgbéga mi dúró, wọ́n ṣì ń yẹ orí tó kẹ́yìn yẹn wò di òní, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò. Wọ́n pe ọmọ náà ṣáájú oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fún un ní oyè rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí ènìyàn márùn-ún péré jókòó sí. Inú mi ìbá dùn bí kì í bá ṣe pé ipò yẹn ti lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wakọ̀ lọ sílé wọn ní Challenge. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alàásárì tán. A jókòó ní pálọ̀, èmi àti òun. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti Bódìjà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Èmi ni mo fi ìlà yẹn síbẹ̀. Mo sì ti rí i kó tó di ọjọ́ náà."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Èmi náà ti rí i ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú."

"O rí i, o sì dúró síwájú wọn báyẹn?"

"Ìwé ti wà lọ́wọ́ wọn, sà. Kò ṣe é gbà padà mọ́." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tí ìyá yẹn bi mí, mo ní èmi ni, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ máa dìde ni, sà."

Mo fẹ́ ní kó forí jì mí, àmọ́ ó jọ pé ìyẹn náà tún jẹ́ ohun mìíràn tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni Àlhájà gbé omi tútù wọlé. Ojú rẹ̀ túká nígbà tó rí mi. Ó gbé omi náà kalẹ̀ níwájú mi, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní òun ti ń wá ọjọ́ tí òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti dé ọ̀dọ̀ mi, òun kò gbọ́ ọ kó ròyìn mi ní búburú rí, àní lẹ́yìn wàhálà ọjọ́ yẹn. Mo wo ọmọ náà. Kò sọ fún un. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé wọn.

Àlhájà ti ń ṣàdúrà. Ó ní, "Dọ́kítà, lọ́jọ́ tí nǹkan bá le fún yín, Ọlọ́run á gbé ẹni tó máa dìde fún yín dìde, bí ẹ ṣe dúró ti ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Àlhájà wá yíjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́, ó ń dúró de tèmi. Mo ní, "Àmín."